Zagorka Tó Ń Kun Irin Amúlémóoru

Ní ìlú Zrenjanin, bí ẹ bá béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ń gbé ilé alájà etí odò Begej pé ta ni èèyàn lè pè kó wá tún irin amúlémóoru rẹ̀ kùn, orúkọ kan ṣoṣo ni wọ́n máa dá: Zagorka Bugarski. Ẹni ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́ta ni, obìnrin kúkúrú tí ọwọ́ rẹ̀ le koko. Ọdún mọ́kàndínlógún ló fi kun férémù kẹ̀kẹ́ ní ilé iṣẹ́ kan tó ti kógbá sílé tipẹ́. Nígbà tí wọ́n tì í pa, ó jókòó sílé fún oṣù méjì, ó ń wo irin oníhà tó wà lábẹ́ fèrèsé rẹ̀, èyí tí omi gbígbóná ń gba inú rẹ̀ kọjá nígbà òtútù láti mú ilé móoru. Ọ̀dà ara irin náà ń ṣí bí èèpo àlùbọ́sà. Lọ́jọ́ kan ó dìde, ó kùn ún. Ó kun ti àbúrò rẹ̀ obìnrin tẹ̀lé e, àwọn aládùúgbò àbúrò rẹ̀ rí i, bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ ṣe bẹ̀rẹ̀.

Ó ní àwọn òfin tí kì í yẹ̀. Kì í kun irin tó bá gbóná. Kì í kun ọ̀dà tuntun lé ọ̀dà tó ti ń ṣí. Inú ló ti ń kùn wá síta, òkè ló sì ti ń kùn wá sísàlẹ̀, pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì ọlọ́rùn wíwọ́ tó lè dé ẹ̀yìn irin, láàárín ìhà kan sí èkejì, níbi tí ojú ẹnikẹ́ni kò dé. Bí onílé bá sọ fún un pé kò sẹ́ni tó máa wo ẹ̀yìn, á fèsì pé òun ti wò ó.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹwàá ọdún kan, Persida Maletin wá a wá. Ìyàwó Tíṣà Gvozden ni, tíṣà jọ́gíráfì tó kọ́ ìdajì ìlú náà, tó kọ́ Zagorka pẹ̀lú. Àjà karùn-ún ni wọ́n ń gbé, òkè pátápátá. Bí gbogbo ilé tó kù ṣe máa ń ṣe kí slava, àjọ̀dún ẹni mímọ́ tó ń ṣọ́ ìdílé, tó dé, kó lè bá ilé ní mímọ́, Tíṣà máa ń kun irin pálọ̀ ní ọ̀dà funfun lọ́dọọdún. Ọdún mẹ́tàlélógún ló ti ń ṣe é. Ṣùgbọ́n àìsàn ọdún tó kọjá ti sọ ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ di ọwọ́ tó ń gbọ̀n, Persida kò sì fẹ́ irin alámì-tóótòòtó lójú àlejò.

Persida sọ ìyókù fún un lórí àtẹ̀gùn, ní ohùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Ọjọ́ Tọ́másì Mímọ́, ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù náà, ni slava wọn. Ọdún mẹ́ta rèé tí irin pálọ̀ kò ti gbóná. Àwọn àlejò jókòó ti kóòtù wọn, wọ́n fi ìbọ̀wọ́ di ife mú. Lọ́dún tó kọjá, nínú èèyàn bí ogún tó máa ń wá, mẹ́fà péré ló yọjú, Živan, àna ọmọ wọn, sì ń wí kiri ìlú pé ẹni tó bá ń lọ sílé Tíṣà, kó wọ ìbọ̀sẹ̀ méjì. Tíṣà kì í sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀, ṣùgbọ́n kì í sùn dáadáa. Ó ti kọ lẹ́tà mẹ́ta sí ọ́fíìsì àwọn tó ń gbé omi gbígbóná wá sílé, pé wọ́n ń ré òun jẹ. Èsì kan náà ni wọ́n ń fún un: omi ń dé gbogbo ilé yòókù. Bí pálọ̀ náà bá tún tutù lọ́dún yìí, Persida kò rò pé ẹnikẹ́ni máa wá mọ́.

Ọjọ́ keje oṣù ni Zagorka gun òkè lọ pẹ̀lú báàgì irinṣẹ́ rẹ̀. Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún ni ọ́fíìsì máa ń ṣí omi gbígbóná sí gbogbo ilé. Tíṣà ti gbé àga sí ẹ̀gbẹ́ irin, ó jókòó síbẹ̀ bí ẹni tó ń bójú tó ìdánwò.

"Zagorka, ṣé o ti wá mọ ibi tí odò Tisa ń ṣàn sí?"

"Tíṣà, mo mọ ibi tí ọ̀dà ń ṣàn sí. Ìyẹn tó mi í jẹ."

Ó fi ìdí ọ̀bẹ kan irin náà, ó sì tẹ́tí. Ó dún bí igi. Ó há ibì kan, ó wo etí rẹ̀, ó rí ìpele lórí ìpele, funfun lórí funfun tó ti pọ́n díẹ̀. Ó ní gbogbo rẹ̀ ló ń bọ̀ wá sílẹ̀. Persida bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọjọ́ lórí ìka, ó ní ẹ̀ẹ̀kan péré làwọn fẹ́ kó fi ọ̀dà ra á. Tíṣà bínú. Ọwọ́ òun ni òun fi kùn ún, òun kò sì fi ọ̀dà burúkú kùn ún rí.

"Tíṣà, ṣé kíkùn lẹ fẹ́ kí n kùn ún, àbí bíbò lẹ fẹ́ kí n bò ó?"

Persida sún tábìlì kúrò lọ́nà, Zagorka sì mú iṣẹ́ ṣe. Ó tẹ́ aṣọ àtijọ́ sílẹ̀, ó ṣí fèrèsé, ó di imú àti ẹnu, ó sì fi oògùn tó ń tú ọ̀dà pa ìhà irin náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọ̀dà náà wú, ó ká jọ bí awọ ojú mílíìkì. Ó ń fi ọ̀bẹ há a sínú garawa, ó ń fi omi rẹ ìyókù kí eruku má baà fẹ́, ó sì ń fi búrọ́ọ̀ṣì onírin fọ ibi tí ìpẹtà wà. Ọjọ́ méjì ló fi dé ìdajì. Tíṣà jókòó tì í lójoojúmọ́, ó ń ṣàríwísí bó ṣe mú ọ̀bẹ, ó ń béèrè olú ìlú orílẹ̀-èdè kan tàbí òmíràn. Èyí tí Zagorka bá mọ̀, á dáhùn. Èyí tí kò bá mọ̀, á máa há ọ̀dà lọ.

Lọ́jọ́ kẹta, ó dé ìhà tó gbẹ̀yìn. Lókè níbẹ̀, kókó kan yọ, ó rí rogodo bí èso ṣẹ́rì.

"Kí lèyí, Tíṣà?"

"Kókó ni. Bí wọ́n ṣe rọ ọ́ nílé iṣẹ́ nìyẹn. Mo máa ń kùn ún dáadáa."

Zagorka rọra há kókó náà. Funfun bọ́, funfun tún bọ́, idẹ sì yọ lábẹ́ rẹ̀: nọ́ọ̀tì kékeré onígun mẹ́rin, pẹ̀lú ihò kan tí kò ju ojú abẹ́rẹ́ lọ. Ó gbé ọ̀bẹ sílẹ̀. Ohun tó rí ti yé e, ó sì ń ro bí òun ṣe máa sọ ọ́. Kì í ṣe ẹni tó máa ń lọ́ ọ̀rọ̀.

Ó ṣàlàyé fún Tíṣà pé bí omi bá ń gòkè bọ̀, ó máa ń ti atẹ́gùn ṣíwájú, atẹ́gùn náà á sì kó jọ sí òkè pátápátá, ìyẹn ilé tiwọn. Bí kò bá ríbi jáde, á jókòó sínú irin, omi gbígbóná kò sì ní rí àyè wọlé. Ihò yìí ni ọ̀nà àbájáde. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ó ṣì ń mí díẹ̀díẹ̀ láàárín ọ̀dà. Ọdún mẹ́ta sẹ́yìn ló dí pátápátá.

"Àwọn ará ọ́fíìsì kọ́, Tíṣà. Ẹ̀yin lẹ kùn ún pa."

Tíṣà dìde, ó wọ yàrá, ó ti ìlẹ̀kùn. Zagorka mú abẹ́rẹ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ọ̀dà inú ihò náà. Ó pẹ́ tó ìgbà tí èèyàn máa fi se kọfí kí Tíṣà tó jáde, ojú rẹ̀ sì ti wọ̀.

"Persida gbọ́?"

"Wọ́n ti lọ ra nǹkan."

"Kùn ún padà. Jọ̀ọ́."

"Rárá, sà."

"Mo ti sọ fún gbogbo ìlú pé ọ́fíìsì ló jẹ̀bi."

"Èmi kì í gbé ọ̀rọ̀ ilé ẹnì kan dé ilé ẹlòmíì. Kò sẹ́ni tó máa gbọ́ ọ lẹ́nu mi. Ṣùgbọ́n ihò yìí ò ní fara kan ọ̀dà mọ́ láéláé, ẹ̀yin fúnra yín lẹ ó sì máa ṣí i tí omi bá ti dé."

Tíṣà gbé ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ sókè kó rí bó ṣe ń gbọ̀n. "Ọwọ́ yìí?"

"Ó dára bẹ́ẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ tí wọ́n fi ń ṣí i á tètè yí."

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu ọkùnrin náà kó tó mọ̀. Látìgbà náà ni kò ti béèrè olú ìlú kankan mọ́.

Zagorka fi ọ̀dà àkọ́kùn tí kì í jẹ́ kí irin dípẹtà kùn ún, ó dúró títí ó fi gbẹ, ó wá fi funfun kùn ún lẹ́ẹ̀mejì, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Ọjọ́ kẹtàlá ló parí. Ìhà irin náà ti wá tẹ́ẹ́rẹ́, èèyàn lè ki ọwọ́ bọ àárín wọn. Persida dúró lójú ọ̀nà pálọ̀, ó ní òun kò mọ̀ pé wọ́n lè rí bẹ́ẹ̀.

Lọ́jọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, Zagorka padà wá pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ kékeré kan, ó sì fi lé Tíṣà lọ́wọ́. Wọ́n gbọ́ omi nínú páìpù, ó ń dún bí ẹni tó ń gun àtẹ̀gùn. Tíṣà kúnlẹ̀, ó gbé ife sábẹ́ ihò náà. Kọ́kọ́rọ́ yọ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́ẹ̀kẹta, ó wọlé, ó yí. Atẹ́gùn fẹ́ jáde ṣììì, ó pẹ́ gan-an, kí omi dúdú tó tú sínú ife, kó sì wá mọ́. Zagorka ní kó tì í. Wọ́n dúró, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Persida ló kọ́kọ́ fọwọ́ kan orí irin náà, ó sì fa ọwọ́ rẹ̀ yọ kíá.

Tíṣà kò pe Zagorka síbi slava, nítorí kò sẹ́ni tó ń pe èèyàn sí slava. Ẹni tó bá mọ ọjọ́ ló ń wá. Ó kàn sọ bó ṣe ń sìn ín dé ẹnu ọ̀nà pé ọ̀sán làwọn máa ń gé búrẹ́dì.

Zagorka wá. Èèyàn mọ́kànlá ló wá, ó ju tọdún tó kọjá lọ, kò sì tíì tó ti tẹ́lẹ̀. Wọ́n jẹ àlìkámà sísè, wọ́n gé búrẹ́dì, wọ́n gbé ẹran lílọ̀ tí wọ́n fi ewé kábéèjì wé sórí tábìlì. Živan bọ́ kóòtù, ó bọ́ swẹ́tà, nígbà tó yá ó tú bọ́tìnnì ọrùn. Ó gbé ife rakija, ọtí líle tí wọ́n fi èso ṣe, sókè.

"Tíṣà, ẹ kú iṣẹ́. Ó jọ pé lẹ́tà kẹta ló dùn wọ́n."

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Àyè ṣí sílẹ̀: kí Tíṣà mi orí lásán, ọ̀rọ̀ tán. Zagorka ń wo inú àwo tirẹ̀. Tíṣà gbé ife rẹ̀ sílẹ̀.

"Lẹ́tà kọ́. Èmi ni mo fi ọ̀dà dí ojú irin náà pa. Zagorka ló rí i, òun ló tú u, òun ló sì kọ́ mi bí mo ṣe máa ṣí i. Lọ́la ni mo máa kọ lẹ́tà kẹrin, mo máa tọrọ àforíjì."

Persida wò ó títí, ó sì bu oúnjẹ kún àwo rẹ̀ láìjẹ́ pé ó béèrè. Živan kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó ti dìde, ó ti bẹ̀rẹ̀ síbi irin, ó ń fi ìka wá ihò idẹ náà. Àwọn ọkùnrin méjì lọ bẹ̀rẹ̀ tì í.

"Ibo ni ti ilé mi wà?" ni Živan béèrè. "Mi ò rí irú rẹ̀ rí. Zagorka, ẹ wá bá mi wò ó lọ́la, kẹ́ ẹ sì kùn ún."

Zagorka jẹ èyí tó wà lẹ́nu rẹ̀ tán. Ó ní òun lè wá wò ó lọ́la. Ní ti kíkùn, oṣù kẹrin ni, nígbà tí wọ́n bá ti omi pa. Živan ní àwọn kan máa ń kùn ún nígbà òtútù. Zagorka ní òun mọ̀ wọ́n, ọ̀dà wọn lòun sì ń há kúrò lọ́dọọdún.