Ìdìbò Lórí Pápá Ẹ̀yìn Ilé Káyọ̀dé

Ìdájí ni mo kúrò ní Abẹ́òkúta, kí sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ má baà ká mi mọ́ ọ̀nà pápákọ̀ òfuurufú. Ẹsẹ̀ mi ti wú kí a tó balẹ̀ sí Houston lọ́jọ́ kejì. Káyọ̀dé àbúrò mi, ẹnjiníà, ló wá pàdé mi. Ooru ibẹ̀ kò yàtọ̀ sí tiwa, ṣùgbọ́n n kò rí ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn. Freeway ni wọ́n ń pe títì ńlá wọn. Ọkọ̀ kì í dúró lórí rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó ń ta nǹkan létí rẹ̀.

Ìlú kékeré kan tó fẹ́rẹ̀ẹ́ lẹ̀ mọ́ Pearland ni Káyọ̀dé ń gbé. Bí a ṣe wọ àdúgbò wọn, mo rí pátákó kéékèèké níwájú ọ̀pọ̀ ilé: “Dìbò Rárá.”

“Ta ló ń du ipò?” ni mo bi í.

“Kò sẹ́ni tó ń du ipò, Ẹ̀gbọ́n mi. Pápá ẹ̀yìn ilé wa ni.”

Ilé onídìílé kan nìkan ni òfin ìlú náà fàyè gbà lórí pápá ọ̀hún tẹ́lẹ̀. Ìgbìmọ̀ ìlú wá yí i padà, wọ́n ní kí wọ́n kọ́ apartment síbẹ̀, ìyẹn ilé alájà tí ọ̀pọ̀ ìdílé ń yá gbé. Àwọn ará àdúgbò kọ̀, wọ́n kó ìbuwọ́lùwé jọ, ló bá di ohun tí gbogbo ìlú máa dìbò lé lórí. Ẹnu yà mí. Nílé wa, ìgbà tí katapílà bá dé là ń mọ̀ pé wọ́n ti ta ilẹ̀.

“Kí ni ilé ṣe fún yín?”

Káyọ̀dé mú mi wọ pálọ̀, ó fọwọ́ kan ògiri níbi tó ṣe déédéé orúnkún rẹ̀. “Ibí ni omi dé lọ́dún tí ìjì jà. Pápá yẹn ló ń fa omi mu. Tí wọ́n bá da kọnkéré bò ó, ibo lomi fẹ́ gbà?”

Mo rí i pé ó jàre.

Lọ́jọ́ Sunday, lẹ́yìn ìsìn, a gbé Ṣadé, nọ́ọ̀sì kan nínú ìjọ wọn, lọ sílé ní Gulfton, àdúgbò kan nínú Houston, torí mọ́tò rẹ̀ bàjẹ́. Ilé lórí ilé ni Gulfton. Níbẹ̀ ni mo ti wá rí àwọn tó ń fẹsẹ̀ rìn. Obìnrin kan ń ta àgbàdo tí wọ́n fi wàrà àti ata kùn; elote ni wọ́n ń pè é. Ó dùn, ṣùgbọ́n àgbọn ni èmi ì bá fi jẹ ẹ́.

Yàrá méjì ni Ṣadé, ìyá rẹ̀ àtàwọn ọmọ rẹ̀ ń há mọ́. Ó gbé ìrẹsì fún wa, inú rẹ̀ ń dùn.

“Brother Káyọ̀dé, ẹ bá mi gbàdúrà o. Apartment tí wọ́n fẹ́ kọ́ sí ìlú yín yẹn, ó máa sún mọ́ hospital wa. School ibẹ̀ náà sì dáa. Mo ti ń sọ fáwọn ọmọ.”

Káyọ̀dé gbé ṣíbí sílẹ̀. “Ṣadé, èmi náà wà lára àwọn tó ní kí wọ́n má kọ́ ọ.”

Ṣadé yíjú sí i.

“Kí la ṣe fún yín, sà?”

“Ẹ ò ṣe nǹkan kan. Omi ni mò ń bẹ̀rù.”

“Mo gbọ́, sà. Èmi ò tiẹ̀ lè dìbò níbẹ̀. Houston ni mò ń gbé.” Ó tún fi ẹran kún àwo Káyọ̀dé.

Lọ́jọ́ ìbò, inú mọ́tò ni mo jókòó sí níwájú ilé ìwé tí wọ́n ti ń dìbò. Nígbà tí Káyọ̀dé jáde, n kò tíì bi í tó fi sọ pé, “Rárá náà ni mo dì. Ẹ̀rù omi yẹn ò tíì kúrò lára mi.”

Rárá ló wọlé. Àwọn aládùúgbò ń hó, wọ́n ń bọ ara wọn lọ́wọ́. Káyọ̀dé mú kọ́kọ́rọ́ mọ́tò, ó ní ká lọ sí Gulfton, òun ò fẹ́ kí Ṣadé gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn.

Ẹnu ọ̀nà ni Ṣadé dúró sí. “Ẹ ṣeun tẹ́ ẹ wá fúnra yín, sà. Ṣùgbọ́n ó dùn mí.”

“Ó yẹ kó dùn ẹ́. Ilẹ̀ kan wà lápá òkè, lẹ́bàá freeway, omi kì í dé ibẹ̀. Tí ìgbìmọ̀ bá ṣèpàdé, màá dìde, màá bi wọ́n bóyá wọ́n lè kọ́ ọ síbẹ̀.”

“Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bi wọ́n.”

Nígbà tí mo padà dé Abẹ́òkúta, ẹgbẹ́ onílé àdúgbò wa pe ìpàdé. Wọ́n fẹ́ ti ọ̀nà ẹ̀yìn pa nítorí olè, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ làwọn ayàlégbé ń gbà lọ síbi iṣẹ́. Wọ́n ti ní ká nawọ́ sókè kí n tó dìde.

“Alága, ká dìbò dára. Ṣùgbọ́n àwọn tí ọ̀rọ̀ yìí kàn jù kò sí níbí.”

“Ìyá, ayàlégbé kì í ṣe ọmọ ẹgbẹ́.”

“Mo mọ̀. Ẹ jẹ́ ká pè wọ́n.”

Ẹnìkan pòṣé. Alága wá ní kí gbogbo wa rẹ ọwọ́ wa sílẹ̀, kí akọ̀wé lọ kan ilẹ̀kùn àwọn ayàlégbé, kó pè wọ́n wá.