Ọjọ́ Tí Lord Thornmere Gbọ́ Ẹ̀rí Ara Rẹ̀ ní Barking

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ sún mọ́bí díẹ̀. Ohun tí ojú mi rí ní Barking lọ́jọ́ Sátidé tó kọjá, tí mi ò bá sọ ọ́, inú mi ò ní gbà á!

Ẹ mọ̀ pé iṣẹ́ ìròyìn ni mo fi ń jẹun, láti Èkó títí dé ìlú ọba yìí. Mo ti fọ̀rọ̀ wá gómìnà lẹ́nu wò, mo ti fọ̀rọ̀ wá olè lẹ́nu wò. Ṣùgbọ́n irú ti Sátidé yẹn, mi ò rí i rí.

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyí. Gbọ̀ngàn kékeré kan wà nítòsí àwókù Abbey, ilé ìsìn àtijọ́ kan, níbi tí àwọn ará àdúgbò ti ń ṣèpàdé. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tún un ṣe ni, wọ́n sì ń wá orúkọ tí wọ́n máa sọ ọ́. Ẹnì kan wá dábàá Lord Thornmere, bàbá arúgbó kan tó ti ṣe mínísítà nígbà kan, tó sì ti ń ran gbọ̀ngàn náà lọ́wọ́ láti ọjọ́ pípẹ́. Wọ́n ní kí gbogbo wa wá nawọ́ sókè, ẹni tó fẹ́ àti ẹni tí kò fẹ́, níṣojú bàbá náà fúnra rẹ̀. Èmi ni wọ́n fún ní máíkì.

Oyè tirẹ̀ kì í ṣe oyè tí wọ́n ń fowó rà o! Wọ́n bí i sínú ẹ̀ ni. Nígbà tó wà lọ́dọ̀ọ́, Hugh Calloway ló ń jẹ́. Orúkọ yẹn ló fi wọ ilé aṣòfin, òun náà ló fi ṣe mínísítà. Ìgbà tí bàbá rẹ̀ kú tó jogún oyè ló di Lord Thornmere, kò sì sẹ́ni tó pè é ní Calloway mọ́. Ṣé kò yé yín ni? Tí ọba wa bá ti gorí ìtẹ́, ṣé ẹnikẹ́ni tún máa ń pè é lórúkọ tí ìyá rẹ̀ fi ń pè é?

Ṣùgbọ́n àbàwọ́n kan wà lára ìtàn rẹ̀. Nígbà tí ìràwọ̀ rẹ̀ ń tàn, tí gbogbo èèyàn ń sọ pé òun ló máa di olórí ìjọba, ló ṣàdédé fiṣẹ́ sílẹ̀. Kò sọ ìdí. Àwọn ìwé ìròyìn ayé ìgbà yẹn tí mo rí kà ní ó lọ tọ́jú ẹṣin rẹ̀ ni! Wọ́n ní ọmọ olówó ni, iṣẹ́ ti sú u. Orúkọ yẹn ló ń tẹ̀ lé e kiri títí dòní.

Alàgbà Ṣónúbi, ọmọ Ìjẹ̀bú, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, ni alága wa. Kò fẹ́ gbọ́ orúkọ bàbá náà sétí.

"Rónkẹ́," ó ní, "ẹni tó sá lójú ogun, ṣé orúkọ ẹ̀ la ó fi sọ ilé? Kó lọ fi sọ ibùjẹ ẹṣin rẹ̀!"

Oníròyìn ni mí, mi ò lè jókòó kí n máa gbọ́ ẹjọ́ ẹnì kan dá. Mo pe bàbá náà lórí fóònù, mo bi í pé kí ló dé tó fi fiṣẹ́ sílẹ̀ nígbà yẹn. Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó ní ọ̀rọ̀ ti pẹ́. Ọmọbìnrin rẹ̀, Lady Harriet, gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní nínú ẹbí àwọn, ẹnikẹ́ni kì í ròyìn ohun tó ṣe, kí n kàn sọ gbólóhùn méjì péré nípa bàbá òun kí n sì jókòó.

Gbólóhùn méjì! Fún bàbá tó fẹ́rẹ̀ẹ́ pé àádọ́rùn-ún ọdún! Lọ́dọ̀ tiwa, tó o bá fi gbólóhùn méjì ṣàfihàn àgbàlagbà lójú agbo, àwọn ọmọ rẹ̀ á bi ọ́ pé kí ni bàbá àwọn fi ṣe ọ́. Ṣùgbọ́n mo gbà. Ọ̀rọ̀ ẹlẹ́bí ni.

Sátidé pé, gbọ̀ngàn kún. Mo ti kéde rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Dagenham, wọ́n sì wá rẹpẹtẹ. Ẹ má jẹ́ ká tan ara wa, wọ́n gbọ́ pé meat pie máa wà ni! Iwájú ni Bàbá Rẹ̀mí àti Màmá Rẹ̀mí jókòó sí. Ilé iṣẹ́ mọ́tò ni Bàbá Rẹ̀mí ti ṣiṣẹ́ títí ó fi fẹ̀yìn tì. Ìyàwó rẹ̀, ọmọ Èkìtì, nọ́ọ̀sì ni.

Bàbá náà wọlé, ó ga, ó tín-ín-rín, ó ń fi ọ̀pá rìn, Lady Harriet tẹ̀ lé e.

"Ṣé Lord náà nìyí?" Bàbá Rẹ̀mí bú sẹ́rìn-ín. "Kóòtù tèmi tuntun ju tiẹ̀ lọ!"

"Ẹ dákẹ́ jàre," ìyàwó rẹ̀ dá a lóhùn. "Ẹ̀yin lẹ jẹ gbèsè tiyín, òun ò jẹ tiẹ̀."

Mo gbé máíkì. Mo ní Lord Thornmere rèé, tí wọ́n ń pè ní Hugh Calloway tẹ́lẹ̀, tó ṣe mínísítà ètò ìlera nígbà kan. Mo ní ìgbèríko ló ń gbé báyìí. Ó parí!

Gbogbo ilé dákẹ́ rọ́rọ́. Ìdákẹ́jẹ́ yẹn ló kó mi sí wàhálà. Máíkì wà lọ́wọ́ mi, ojú àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì mi ni mo ń wò, èmi ni mo sì máa ń darí ẹ̀rí lọ́jọ́ Ìsinmi. Kí n tó mọ̀, ẹnu mi ti là:

"Ẹni tó bá ní ẹ̀rí, kó jáde wá o! Ẹ bá mi yin Olúwa!"

"Halleluyah!" Ìdajì ilé dáhùn. Bó sì ṣe mọ́ mi lára, mo tún un sọ ní Gẹ̀ẹ́sì kíá.

Háà! Ó ṣe mí bíi pé kí ilẹ̀ lanu. Alàgbà Ṣónúbi bo ojú. Àwọn òyìnbó ń wo ara wọn. Lady Harriet tẹjú mọ́ mi bí ìgbà tí mo da ọbẹ̀ sí i lára.

Ṣùgbọ́n Màmá Rẹ̀mí ti dìde. "Calloway kẹ̀? Calloway tiwa?" Ó ti gba máíkì lọ́wọ́ mi.

"Ẹ bá mi yin Olúwa," ó ní. "A pọ̀ tá a wá kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì níbí, ọmọdé ni wá nígbà yẹn. Lọ́jọ́ kan wọ́n ní òfin kan ń bọ̀, pé kí gbogbo àwa tá a ti òkèèrè wá máa lọ sílé láìparí. Bàbá mi ti ta oko kòkó ẹ̀ torí mi o! Ojú wo ni mo fẹ́ fi wò ó? À ń sunkún, à ń di ẹrù. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ọkùnrin gíga kan wọ ilé tí àwa obìnrin tó ń kọ́ṣẹ́ ń gbé, òun nìkan, kò ní dẹ́rẹ́bà. Ọkọ̀ ojú irin District line ló wọ̀ wá! Ó ní òun ni Calloway, òun ni mínísítà, wọ́n ní kí òun fọwọ́ sí òfin yẹn, òun ò sì ní fọwọ́ sí i. Ó ní tó bá di dandan, òun á fiṣẹ́ sílẹ̀. Ó ní ká tú ẹrù wa."

"Òótọ́ ni!" Bàbá Rẹ̀mí pariwo láti ìjókòó. "Etí mi báyìí ni mo fi gbọ́ ọ!"

Alàgbà Ṣónúbi yí sí i. "Nínú ilé àwọn obìnrin? Ṣé ẹ̀yin náà kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni?"

"Abẹ́ àtẹ̀gùn ni mo wà! Wọn kì í gba ọkùnrin láàyè ńbẹ̀, mo sì ti wá wo ọmọ Èkìtì mi. Bàbá yìí rí ẹsẹ̀ mi! Ó ṣẹ́jú sí mi, ó ń bá ọ̀rọ̀ ẹ̀ lọ!"

"Bàbá Rẹ̀mí, ẹ jókòó! Ẹ ti dójú tì mí tó!" ìyàwó rẹ̀ ké mọ́ ọn.

Ẹ̀rín gba ilé kan. Nígbà tó rọlẹ̀, Màmá Rẹ̀mí parí ẹ̀rí rẹ̀. Ó ní ọkùnrin náà fiṣẹ́ sílẹ̀ lóòótọ́, ariwo bó ṣe lọ láìsọ ìdí sì pọ̀ débi pé ẹ̀rù ba ẹni tó gba ipò lọ́wọ́ rẹ̀, kò fọwọ́ kan òfin náà mọ́. Gbogbo wọn ló parí ẹ̀kọ́, àmọ́ kò sí oníròyìn kankan tó wá bi wọ́n léèrè. Òun sì fi ọwọ́ ara òun gbẹ̀bí ní agbègbè yìí títí òun fi fẹ̀yìn tì. Obìnrin òyìnbó kan dìde lẹ́yìn, ó ní Màmá yìí ló gbẹ̀bí òun lẹ́ẹ̀mejì!

Ṣùgbọ́n oníròyìn kì í gba ẹ̀rí apá kan. Mo yí sí bàbá náà, mo bi í bóyá òótọ́ ni. Ó na ọ̀pá rẹ̀ sí Bàbá Rẹ̀mí, ó ní bàtà ọkùnrin tó wà lábẹ́ àtẹ̀gùn yẹn, pupa ni.

"Yéè! Pupa ni o!" Bàbá Rẹ̀mí fò sókè. "Mo yá a lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ mi ni!"

Àṣé ẹni tí wọ́n ní iṣẹ́ sú, torí àwọn ọmọ ọlọ́mọ ló ṣe fi ipò sílẹ̀! Lady Harriet ti ń sunkún. Ó sọ fún mi pé ní ilé ìwé, ọ̀rọ̀ ẹṣin yẹn ni wọ́n fi ń bú òun, òun ò sì mọ èsì tí òun lè fún wọn. Bàbá rẹ̀ ò sọ fún òun náà!

Alàgbà Ṣónúbi dìde, ó ṣí fìlà. Mo rò pé ó fẹ́ jiyàn.

"Èmi ni mo ṣì í," ó ní. "Kí lẹ tún ń wò? Ẹ nawọ́ jàre!" Ọwọ́ tirẹ̀ ló kọ́kọ́ lọ sókè. Ọwọ́ bo gbogbo ilé bí igbó, mi ò rí ọ̀kan tó wà nílẹ̀. Wọ́n pàtẹ́wọ́, àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì mi gbé orin, òyìnbó ń bá wọn jó!

Nígbà tí wọ́n jẹ́ kó sọ̀rọ̀, bàbá náà fi ọ̀pá gbé ara rẹ̀ dìde. Ó ní láàárín àwọn èèyàn òun, inú pósí lèèyàn máa ń wà kí wọ́n tó sọ rere rẹ̀. Ó ní òun ti lọ síbi ìsìnkú púpọ̀, àánú ẹni tó ni ìyìn náà sì máa ń ṣe òun, torí kò gbọ́ ọ. "Èmi gbọ́ tèmi lónìí," ó ní, ó sì jókòó.

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, kí là ń dúró de gan-an? Ṣé dìgbà tá a bá tẹ́ èèyàn sínú pósí la tó máa rántí pé ó ṣeun? Ta ló ṣe yín lóore tí kò sọ̀rọ̀, tí ayé sì ń pè lórúkọ tí kì í ṣe tirẹ̀? Ẹ wá sọ ìtàn rẹ̀ fún wa níbí, mo fẹ́ kà á. Ṣùgbọ́n tó bá ṣì wà láàyè, ẹ kọ́kọ́ lọ sọ ọ́ létí rẹ̀ ná.