Ìṣó Tí Sísọ́ọ̀sì Ń Gbé

Òfin kan ṣoṣo ni télọ̀ náà ṣe fún ṣọ́ọ̀bù rẹ̀: ẹni tí inú ń bí kì í gé aṣọ. Bí oníbàárà bá rí i fín, sísọ́ọ̀sì á padà sórí ìṣó ara ògiri títí ọkàn rẹ̀ yóò fi rọ̀. Ohun tí abẹ́rẹ́ rán ṣeé tú. Ohun tí sísọ́ọ̀sì gé, ó gé e náà nìyẹn.

Láàárọ̀ ọjọ́ yìí, inú ń bí i burúkú. Onílé fẹ́ ta ṣọ́ọ̀bù náà lọ́dún tí ń bọ̀. Èrè orí ìpín ìdókòwò tí télọ̀ rà ní ilé-iṣẹ́ sìmẹ́ǹtì kan ni ó fẹ́ fi kún owó tí yóò fi rà á. Láti ọjọ́ Ajé ni iye ìpín náà ti ń já wálẹ̀ bí ẹni tí a tì lórí àkàsọ̀. Ó rán ìlà kan, ó wo iye náà lórí fóònù. Ó tún wò ó, bí ẹni pé ojú rẹ̀ ni yóò gbé e dìde.

Àbúrò rẹ̀ tí ó kọ́ ọ ní ìpín rírà pè é.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ fọkàn balẹ̀. Ilé-iṣẹ́ yẹn ò kúkú sá lọ.”

“Owó mi ló ń sá lọ. Ìwọ tí o ò ra ẹyọ kan, kí ni kò ní jẹ́ kí ọkàn tìẹ balẹ̀?”

Ó pa fóònù, ó fa sísọ́ọ̀sì yọ.

“Bàbá àwọn ọmọ, ìṣó ńkọ́?” ni ìyàwó rẹ̀ tí ń gán bọ́tìnnì bi í.

“Ìṣó ò lè bá mi ra ṣọ́ọ̀bù.”

Ó gé apá kóòtù ọ̀gá ilé-ìwé kan, wàà, wàà. Ìyàwó tẹ́ apá méjèèjì sórí tábìlì. Aṣọ olójú kan ni, kò ṣeé yí sódì.

“Ọ̀gá yìí, ṣé ọwọ́ òsì méjì ló ní ni?”

Ọkọ rẹ̀ kò rẹ́rìn-ín. Ó gbá fóònù mú. “Mo máa ta gbogbo ẹ̀ lónìí, kí n sinmi.”

“Ọwọ́ tó gé apá yìí náà lẹ fẹ́ fi tà á?”

Ó wo apá òsì méjèèjì lórí tábìlì, ó bi ara rẹ̀ léèrè: Ta ló sọ pé wọn ò ra sìmẹ́ǹtì mọ́? Kò sẹ́ni tó sọ ọ́. Ó di fóònù sínú àjákù aṣọ, ó so ó kọ́ sórí ìṣó, ó sì mú owó aṣọ mìíràn fún kóòtù náà nínú àpò ara rẹ̀.

“Bó bá dún ńkọ́?”

“Kó máa dún. Inú ṣì ń bí mi.”

Ó jáde lọ ra aṣọ, ó pa ilẹ̀kùn dé gbàmù. Ìṣó mì, kò yọ.