Kíjìpá àti Bátìrì Katakata

Ọjọ́ kẹta tí a sin ìyàwó mi ni àwọn ará ilé rẹ̀ wá kó ẹrù rẹ̀ ní agboolé wa ní Bẹ́yẹrúńká. Mo jókòó sórí pèpéle, mò ń wò wọ́n bí ẹni ń wo ẹrù aládùúgbò. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ló ṣàánú mi. Ó fa kíjìpá kan yọ nínú ẹrù, èyí tí ìyàwó mi fọwọ́ ara rẹ̀ hun, tó sì ń dà bora lójoojúmọ́.

Ó ní, “Ẹ mú un, àna mi. Òun nìkan lẹ máa rí dì mú.”

Mo gbà á. Mi ò sunkún. Láti ọjọ́ tó ti kú ni ojú mi ti gbẹ, àwọn kan nínú agboolé sì ti ń yọ́ ọ sọ. Kí wọ́n máa sọ ọ́.

Wọ́n fi ìkòkò omi eérú tí ìyàwó mi fi ń se ọṣẹ dúdú sílẹ̀. Ta ló fẹ́ ru omi eérú dé ilé wọn ní Pópó Yemọja?

Lọ́jọ́ kejì tí wọ́n kó ẹrù lọ, mo da kíjìpá náà lé èjìká, mo gba ẹnu iṣẹ́ lọ. Katakata kékeré kan ni mò ń wà nínú oko òyìnbó kan lẹ́yìn Òkè-Àdó. Mo ṣíná fún un, kò fọhùn. Ìyẹ̀fun funfun tó ti ń di àwọ̀ ewé ti bo orí irin méjèèjì tí wáyà so mọ́ lára bátìrì. Oje kíkan tó wà nínú bátìrì ló máa ń hù ú jáde. Òyìnbó ní ìyẹ̀fun kan tó máa ń pò mọ́ omi láti fi fọ̀ ọ́. Nígbà tí mo ròyìn rẹ̀ nílé lọ́jọ́ kan, ìyàwó mi rẹ́rìn-ín títí.

“Ẹ̀yin àti òyìnbó yín! Ṣé omi eérú tèmi ò ní ṣe é ni?”

Ìyẹ̀fun òyìnbó ti tán. Ẹni tí orí rẹ̀ pé ì bá lọ bu omi eérú wá sóko. Èmi gbé bátìrì lọ bá omi eérú. Mo ká kíjìpá, mo fi ṣe òṣùká, mo ru bátìrì lé e, mo gun Mápó, mo gba Bẹẹrẹ lọ sílé. Àwọn èèyàn ń kí mi pé ẹ kú ara fẹ́ra kù. Nǹkan kan ń ta mí ní àtàrí. Mo rò pé oòrùn ni, mo sì ń lọ.

Nílé, mo rí i pé ìdérí bátìrì le dáadáa, mo wá da omi eérú sí i lórí. Ó hó yàà, ìyẹ̀fun náà yọ́, irin sì mọ́. Mo gbójú sókè kí n sọ fún ìyàwó mi pé ó ṣe é lóòótọ́. Ògiri ni mo rí. Mo da èyí tó kù nínú ìkòkò nù, mo dojú ìkòkò dé. Mo tún fi kíjìpá ṣe òṣùká, mo ru bátìrì padà. Katakata ṣiṣẹ́. Inú mi ò dùn, kò sì bà jẹ́.

Lọ́jọ́ kẹjọ, tí a fẹ́ ṣe fídáù, ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi tètè dé. Ó ní kíjìpá ń rùn, kí n mú un wá kí òun fọ̀ ọ́. Nígbà tó fọ̀ ọ́ tán tó ń fún omi rẹ̀ dànù, ó ya mọ́ ọn lọ́wọ́. Ó tẹ́ ẹ sílẹ̀. Gbogbo àárín rẹ̀ ti lu.

“Kí lẹ fi ṣe, àna mi?”

“Mo fi ṣe òṣùká bátìrì, ẹ̀gbọ́n. Oje rẹ̀ ló jẹ ẹ́.”

Òun náà ń se ọṣẹ. Ó bojú wo ìkòkò tí mo dojú rẹ̀ dé.

“Ẹ ò bá ti rì í bọ omi eérú lójú ẹsẹ̀. Igbá kan péré ì bá tó o.”

Mo mọ̀. Ojú mi náà ni omi eérú ṣe pa oje yẹn. Mi ò kàn ronú kan aṣọ.

Kò bá mi jà. Ó ká a bó ṣe tutù, ó fi lé mi lọ́wọ́. Àwọn alùfáà ti ń wọlé. Mo fẹ́ kí wọn káàbọ̀, mo la ẹnu, ẹkún ló jáde, mi ò sì lè dá a dúró mọ́.