Yáàdì Mẹ́wàá Aṣọ Funfun

Irínwó náírà ni wọ́n ń ta yáàdì aṣọ funfun kan ní Ìlọrin lọ́dún tí ìjọba ní òṣìṣẹ́ tí kò bá gba abẹ́rẹ́ kòrónà kò ní wọ ọ́fíìsì mọ́. Mo mọ̀ nítorí mo ná an. Aláṣọ tó wà ní Gàmbàrí bi mí pé, "Àlàájà, ta ló kú?" Mo ní kò tíì sẹ́ni tó kú. Ó wò mí bí ẹni tó rí ewúrẹ́ nínú mọ́ṣáláṣí, ó sì yọ ogún náírà kúrò lórí yáàdì kọ̀ọ̀kan kí n tó bẹ̀ ẹ́. Mo ra yáàdì mẹ́wàá.

Ọkọ mi ni mo rà á fún.

Dírẹ́bà ìjọba ni ọkọ mi. Ó ti wa ọ̀gá kan dé òmíràn títí irun orí rẹ̀ fi funfun, owó ìfẹ̀yìntì ò sì jìnnà sí i mọ́. Ẹ̀jẹ̀ ríru ń bá a fínra. Àwọn ọ̀gá rẹ̀ ní ẹni tí kò bá ní káàdì abẹ́rẹ́ kò ní wọ géètì, ẹni tó bá sì jókòó sílé kó má retí owó oṣù. Bó bá gbà á, ẹ̀rù ń bà mí pé yóò kú. Bí kò bá gbà á, iṣẹ́ lọ nìyẹn, òun àti gbogbo ọdún tó fi wa mọ́tò.

Ní Ìpàtà níbi tí mo ti ń ta àlùbọ́sà, gbogbo wa di dókítà. Aláta tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ní ẹni tó bá gba abẹ́rẹ́ yẹn, gílóòbù á máa tàn bí wọ́n bá gbé e lé e lápá. Mo ní kí ọkọ rẹ̀ sáré lọ gbà á, wọn ò ní sanwó iná mọ́. Ó bú mi, mo bú u padà. Ẹnìkan pe rédíò pé Àbújá ti fọwọ́ sí i, ó dára. Òmíràn pè pé oògùn tí kò pẹ́ láyé, kí ni wọ́n mọ̀ nípa rẹ̀? Àáfà kan ní kí a gbà á, ẹ̀mí ní ẹ̀tọ́ lọ́rùn wa. Àáfà míì ní kí ìjọba fi ara sílẹ̀ fún ẹni tó ni ara.

Aláta bá ní, "Wọ́n ní wọ́n fọwọ́ sí i. Ta ló ki ọwọ́ bọ̀ ọ́?"

Ọ̀rọ̀ yẹn ló pa ẹ̀rín mọ́ mi lẹ́nu. Àwa alálùbọ́sà kì í ra àpò nítorí ohun tó wà lẹ́nu rẹ̀. Ẹni tó dì í lókè Ọya ti kó èyí tó ń dán sókè. A máa ń ki apá bọ ikùn àpò títí dé ìgúnpá, kí a tó mọ̀ bóyá ó ti ń rà nísàlẹ̀. Ta ló wá ki apá bọ àpò yìí fún mi ní Àbújá, ṣé apá rẹ̀ sì gùn dé ìsàlẹ̀? N kò rí ẹni bi. Ọkọ kan ṣoṣo ni mo sì ní.

Mo gbé ọ̀rọ̀ náà kalẹ̀ fún ọkọ mi bó ṣe ń jẹun. "Bàbá wọn, aláta ní ẹnìkan wà tó ń ta káàdì. Wọn á da oògùn nù, wọn á kọ orúkọ yín."

"Ṣé aláta ló máa san owó ìfẹ̀yìntì mi bí ọwọ́ bá tẹ̀ mí?"

"Ẹ̀jẹ̀ ríru yín ńkọ́?"

"Mo ti bi wọ́n ní ọsibítù. Wọ́n ní irú mi gan-an ló yẹ kó tètè gbà á." Ó lá ọbẹ̀ ọwọ́ rẹ̀. "Àti pé ta ló ń gbé ẹ̀jẹ̀ mi ru? Ìwọ náà ni."

Mo rẹ́rìn-ín. Mo gbé abọ́ wọlé, mo sì lọ ka owó ọjà mi.

Lọ́jọ́ kejì ni mo lọ sí Gàmbàrí. Bí mo ṣe rò ó nìyí: bí abẹ́rẹ́ yìí bá ń pa èèyàn bí wọ́n ṣe wí, gbogbo ìlú ni yóò máa wá aṣọ òkú lẹ́ẹ̀kan náà, àwọn aláṣọ á sì fowó lé e. Ọlọ́jà kì í dúró de ọ̀wọ́n. Òkú Mùsùlùmí kì í sì í pẹ́ nílẹ̀, n kò ní máa ná aṣọ kiri tomijé-tomijé. Mo ká a sínú ọ̀rá, mo tì í sí ìsàlẹ̀ àpótí mi.

Nígbà tí ọjọ́ pé, mo tẹ̀lé ọkọ mi lọ síbi abẹ́rẹ́. Nọ́ọ̀sì tó gún un kò ju ọmọ tí mo lè bí lọ. Ó ní, "Ìyá, ẹ̀yin náà ńkọ́?" Mo ní, "Jẹ́ kí n kọ́kọ́ wo bí ti bàbá yìí ṣe máa rí." Àwọn tó wà lórí ìlà rẹ́rìn-ín. Èmi ń wo àyà rẹ̀ bó ṣe ń lọ sókè sódò.

Nígbà tí oòrùn yẹ àtàrí, ara rẹ̀ ti gbóná. Nọ́ọ̀sì ti sọ pé ó lè rí bẹ́ẹ̀, pé yóò lọ, ṣùgbọ́n nígbà tí mo fọwọ́ kan iwájú orí rẹ̀, n kò rántí nọ́ọ̀sì kankan. Mo lọ ṣe àlùwàlá lẹ́yìnkùlé, mo kírun aláásárì, mo pẹ́ lórí ìforíkanlẹ̀. Ìgbà tí mo wọlé, ọkọ mi nà gbalaja lórí ẹní, aṣọ funfun bò ó láti orí dé ẹsẹ̀.

Mo jókòó sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ohun tó wá sí mi lọ́kàn ni pé ta ló wẹ̀ ẹ́? Ta ló tètè wẹ òkú ọkọ mi láìpè mí?

Aṣọ náà mira.

"Òtútù," ni ohùn kan wí lábẹ́ rẹ̀. "Mo tú gbogbo àpótí rẹ, n kò rí ìró kankan níbẹ̀ àfi èyí."

Mo ti fọ gbogbo ìró mi láàárọ̀, mo sì sá wọn sórí okùn. Ó yọjú síta, ó wò mí nílẹ̀, ó wo aṣọ náà, ó tún wò mí.

"Yáàdì mélòó?"

"Mẹ́wàá."

Mo rò pé yóò bínú. "Èèyàn tó ga tó mi," ó wí, eyín rẹ̀ ń lu ara wọn, "o fẹ́ kí ẹsẹ̀ mi wà níta?"

Ìgbà yẹn ni mo bú sẹ́kún. Mo ká àwọn ìró mi lórí okùn, mo kó gbogbo rẹ̀ bò ó, mo jókòó tì í, mò ń ṣọ́ èémí rẹ̀.

Ebi ló jí i láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Ó mú káàdì rẹ̀, ó gba ibi iṣẹ́ lọ. Kò pẹ́ tí èmi náà fi padà lọ bá nọ́ọ̀sì yẹn. Apá ọkọ mi ti wọ àpò, ó sì ti jáde.

Mo gbé aṣọ padà sí Gàmbàrí. Aláṣọ ní, "Àlàájà, aṣọ tí a bá rà fún òkú kì í padà sọ́jà." Mo ní òkú ọ̀hún ń wa mọ́tò ìjọba lọ́wọ́. Ó ní inú òun dùn gan-an, ṣùgbọ́n òun ò gbà á. Mo ní kí ọkọ mi fi dá jalàbíà, ó ní ọ̀nà òun kò gba ibẹ̀. Ni mo bá gbé e fún mọ́ṣáláṣí àdúgbò wa, níbi tí wọ́n ti ń tọ́jú aṣọ de òkú ẹni tí kò lẹ́nìkan. Wọ́n ṣe àdúà fún mi, wọ́n ní sàráà ńlá ni. Mo ṣe àmín. Ṣùgbọ́n alálùbọ́sà ni mí, mo mọ ohun tí à ń pe owó tó jáde tí kò padà: àdánù ẹgbẹ̀rún mẹ́ta àti ẹgbẹ̀rin náírà.