Bàbá Jẹ́jẹ́ àti Ọbẹ̀ Tòmátì Oníwàrà

Ọjọ́ tí ọbẹ̀ Bàbá Jẹ́jẹ́ gun àjà ni gbogbo àdúgbò sọ pé ó ti pa ìyàwó ọmọ ẹ̀. Búlẹ́ńdà ló dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀. Bàbá bu ọbẹ̀ tòmátì tó ṣì ń hó yaya sínú rẹ̀, ó dé e pa pinpin, ó ní, "Ìyàwó, tẹ̀ ẹ́. Jẹ́jẹ́ o!" Ìyàwó na ìka láti òkèèrè bí ẹni tó fẹ́ fọwọ́ kan ejò. Ó tẹ̀ ẹ́. Ooru tó há sínú kinní náà ò bẹ̀bẹ̀, ó ní gbàù! Ọmọrí fò, ọbẹ̀ tẹ̀ lé e. Ògiri pupa, àjà pupa, irùngbọ̀n Bàbá pupa. Ìyàwó fi igbe bọ ẹnu, ó ṣubú sẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó sì dákẹ́ síbẹ̀.

Bíríkìlà tó ń gbé ilé kejì gbọ́ igbe, ó sáré dé. Ta ló pàdé lẹ́nu ọ̀nà? Bàbá ni, nǹkan pupa ń kán tó, tó, tó láti ìgbọ̀nwọ́ ẹ̀, ọ̀bẹ tó fi ń gé búrẹ́dì sì wà lọ́wọ́ ẹ̀.

"Bàbá, kí lẹ ṣe?"

"Jẹ́jẹ́ ni mo ní kó ṣe!" Bàbá jágbe mọ́ ọn. "Kò gbọ́!"

Bíríkìlà ò dúró gbọ́ èyí tó kù. Ó fo ọgbà, ó ń ké, "Ó ti pa á o! Ó ní kò gbọ́ràn!" Kí èrò tó kó igi dé, Ìyàwó ti dìde, kò sí ohun tó ṣe é. Bàbá sì ti gun àga, ó ń fi búrẹ́dì nu àjà, ó ń jẹ ẹ́. Ó wo gbogbo wọn láti òkè, ó ní, "Iyọ̀ ló kù díẹ̀."

Ẹ má rò pé ìwà pẹ̀lẹ́ ló fi ń jẹ́ Bàbá Jẹ́jẹ́. Aago ló fi gbogbo ọjọ́ ayé ẹ̀ tún ṣe. Ọwọ́ ẹ̀ lè gbé irin tó kéré ju ojú èèrà lọ láìgbọ̀n, ṣùgbọ́n ohùn ẹ̀, ẹ gbà mí, ó ń mi fèrèsé. Ohùn àrá ló fi ń sọ fún aráyé pé kí wọ́n ṣe jẹ́jẹ́. Bí ọmọdé bá ń sáré, "Jẹ́jẹ́!" Bí atẹ́gùn bá gbá ilẹ̀kùn, "Jẹ́jẹ́!" Lọ́jọ́ kan tí òjò ń fi páànù lù bí ìlù, ó jáde síta, ó na ìka sókè, ó pariwo mọ́ òjò: "Jẹ́jẹ́!" Òjò náà sì dá. Láti ọjọ́ yẹn ni ẹnu ò ti ká a mọ́.

Nígbà tí ìyàwó ẹ̀ kú tí ojú ẹ̀ ò sì gba iṣẹ́ aago mọ́, ó ti ṣọ́ọ̀bù pa, ó gba ilé ìdáná. Ìyàwó ọmọ ẹ̀ ò bá a du ú. Inú ẹ̀ dùn ni. Omi gbígbóná ti dà sí i lára láti kékeré, àpá ẹ̀ gùn láti èjìká dé ọwọ́. Àgbà sì bọ̀, wọ́n ní ẹni tí ejò ti ṣán rí, bó bá rí ekòló, á sá. Bí ọmọrí ìkòkò bá ń gbọ̀n, àyà Ìyàwó á máa bá a gbọ̀n. Ọkọ ẹ̀, tó ń wa ọkọ̀ akẹ́rù, kì í sábà sí nílé. Nítorí náà Bàbá ń sè, Ìyàwó ń fọ abọ́. Bàbá ò sì fìgbà kan bi í pé kí ló dé.

Ìyàwó ló ń bá a lọ sọ́jà, ìtìjú ẹ̀ ló sì ń rù wálé. Bàbá á mú awò tó fi ń wo inú aago, á kì í bọ ojú kan, á di ojú kejì, á gbé tòmátì sókè sí oòrùn. Onítòmátì á fa apẹ̀rẹ̀ ẹ̀ mọ́ra.

"Bàbá, ṣé ìjọba ló rán yín wá?"

"Dákẹ́ ná. Èyí ń rẹ́rìn-ín lójú, ṣùgbọ́n ìdí ẹ̀ ń ronú."

"Ẹ jọ̀ọ́, èmi kọ́ ni mo gbìn ín."

"Ta ní kó o jẹ́wọ́?"

Ká tó wí, ká tó fọ̀, onítòmátì ti fi aṣọ bo ọjà ẹ̀, ó ti yà bàrá sẹ́yìn ìsọ̀. Bàbá yíjú sí Ìyàwó, ó ní, "Kí ló ń lé e? Mo fẹ́ yìn ín ni."

Bó bá délé, irin kékeré tó fi ń mú ẹ̀yà aago ló fi ń bó tòmátì. Á fọ̀bẹ fa àgbélébùú sí ìdí ọ̀kọ̀ọ̀kan, á rì í sínú omi gbígbóná, á gbé e sínú omi tútù, awọ ẹ̀ á ká sókè bí ẹni bọ́ fìlà. Á fi bọ́tà yí àlùbọ́sà àti aáyù lórí iná tí kò le, á da tòmátì sí i, á rẹ́ kárọ́ọ̀tì kan sí i kó lè pa kíkan ẹ̀. Bó bá jinná, ó di dandan kó tutù kó tó dé búlẹ́ńdà, a ti mọ ìdí ẹ̀. Á lọ̀ ọ́, á fi asẹ́ sẹ́ ẹ, á gbé e padà kaná, á dín iná kù. Wàrà ló kù. Níbẹ̀ ni ohùn Bàbá á ti lọ sókè jù.

"A kì í ti àlejò láti inú òtútù bọ́ sáàárín iná! Bu ọbẹ̀ díẹ̀ fún wàrà nínú ife, kí wọ́n kí ara wọn! Wàrà, tòmátì rèé. Tòmátì, fara balẹ̀. Jẹ́jẹ́!"

Ìyàwó á dúró lẹ́nu ọ̀nà, ẹsẹ̀ kan nínú ilé, ẹsẹ̀ kan níta, bí ẹni tó ń retí ogun.

Ogun náà sì dé. Àìsàn mú Bàbá lọ́nà ọ̀fun. Oúnjẹ líle ò gbà á kọjá, ẹsẹ̀ ò gbé e mọ́. Wọ́n fún un ní èyí, ó mi orí. Wọ́n fún un ní tọ̀hún, ó yíjú sógiri. "Ọbẹ̀ mi," ló ń wí. Ọkọ Ìyàwó wà lójú ọ̀nà tó jìn, Bàbá sì ń gbẹ lórí ibùsùn bí ewé. Ẹ̀rù méjì wá há Ìyàwó sáàárín: ọ̀kan fẹ́ hó lórí iná, ọ̀kan ń mí hẹlẹhẹlẹ nínú yàrá.

Ó wọ kóòtù òjò ọkọ ẹ̀, ó fi gèlè di ojú kù díẹ̀, ó fi aṣọ ìnura wé ọwọ́ méjèèjì. Bíríkìlà yọjú lójú fèrèsé.

"Ìyàwó, oyin lẹ fẹ́ lọ fà?"

"Ẹ fi mí sílẹ̀, ọbẹ̀ ni mo fẹ́ sè."

Bíríkìlà wo àjà, ó pa fèrèsé dé fúnra ẹ̀.

"Ìyàwó!" Bàbá pè láti yàrá. "Mi ò gbóòórùn àlùbọ́sà!"

"Mò ń bọ̀ níbẹ̀, Bàbá!"

"Níbo lo wà?"

"Ẹnu ọ̀nà."

"Ọbẹ̀ kì í jinná lẹ́nu ọ̀nà!"

Ó wọlé. Ó yí àlùbọ́sà, ó da tòmátì sí i, ó dé e. Ìkòkò bẹ̀rẹ̀ sí í hó, ọmọrí ń gbọ̀n, kàtàkàtà. Ìyàwó bá ẹsẹ̀ ẹ̀ sọ̀rọ̀, ẹsẹ̀ ò dá a lóhùn, ó ti gbé e dé àárín àgbàlá.

"Mo gbọ́ ẹsẹ̀ tó ń sá o!" Ohùn Bàbá ti rẹlẹ̀. Lẹ́yìn náà, kò sí nǹkan kan mọ́.

Ìyàwó dúró. Ó tẹ́tí. Yàrá dákẹ́. Láti ọjọ́ tó ti wọ ilé yẹn, ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ò tíì wọ ibẹ̀ rí.

"Bàbá?"

Ó sáré padà wọlé. Ìkòkò wà lọ́nà, ó ti fẹ́ máa hó dà sórí iná. Kò mọ ìgbà tó na ọwọ́ sí i, tó ṣí ọmọrí, tí ooru gbá a lójú. Igbe ló ń ké: "Mo ti ṣí i! Bàbá, ẹ ń gbọ́? Mo ti ṣí i o! Ẹ dá mi lóhùn!"

Ohùn kan wá láti yàrá, tínńrín bí òwú. "Mo gbọ́. Dẹ ohùn, ò ń dẹ́rù ba ọbẹ̀."

Ó lọ̀ ọ́ nígbà tó tutù, ó sẹ́ ẹ, ó tún gbé e kaná. Ṣùgbọ́n ìkánjú ò jẹ́ kó rántí ife. Ó da wàrà tútù lé ọbẹ̀ gbígbóná lórí lẹ́ẹ̀kan náà, wàrà sì ṣù, ó di hóró hóró funfun. Ẹkún ló fi gbé e wọ yàrá.

"Ó ti ṣù, Bàbá. Ẹ má mu ún."

"Mo rí i." Bàbá la ẹnu. Ìyàwó fi ṣíbí bù ú fún un, díẹ̀ díẹ̀, ọ̀fun ẹ̀ ń gbé e mì. Ó mu ún tán. Ó tún la ẹnu.

"Ó tán, Bàbá."

"Lọ bù sí i."

Nígbà tó mu ìkejì tán, Ìyàwó bi í léèrè ohun tó ti ń jẹ ẹ́ lọ́kàn. "Bàbá, ẹ̀rù iná kì í bà yín ni?"

Bàbá wò ó bí ẹni wo aago tó ti kú. "Èmi? Ọmọ mi, kí ni kì í bà mí lẹ́rù? Aago olówó bá wọ ọwọ́ mi, ẹ̀rù. Òjò bá ṣú, ẹ̀rù. Láti ìgbà tí búlẹ́ńdà yẹn ti bú, orúnkún mi ń gbá ara wọn. Kí lo rò pé mò ń pariwo fún? Bí mo bá ń pariwo, mi ò ní gbọ́ bí àyà mi ṣe ń lù."

Ìyàwó rẹ́rìn-ín, omijé wà lójú ẹ̀. Bàbá náà rẹ́rìn-ín, ó hú ikọ́, ó di ọwọ́ ẹ̀ mú níbi àpá náà.

Ọbẹ̀ Ìyàwó ló ń mu títí tó fi lọ, ní ọ̀sán gangan, oorun ló bá lọ. Kó tó lọ, nígbà tí wàrà ò ṣù mọ́, ó máa ń ṣàròyé pé èyí tó ṣù dùn jù.

Lẹ́yìn tí wọ́n sin ín tán, ọkọ Ìyàwó tó ti dé láti ìrìn àjò jókòó sínú pálọ̀, kò jẹun. Ìyàwó wọ ilé ìdáná láìwọ kóòtù. Láìpẹ́, ariwo ńlá bẹ̀rẹ̀ sí í jáde níbẹ̀. "Mo rí ẹ o! Hó, kí n rí i! Ta ní kó o máa fò? Jókòó!"

Bíríkìlà tún sáré dé. "Ta ló ń bá jà?"

"Kò bá ẹnì kan jà," ni ọkọ ẹ̀ wí. "Ẹ̀rù ló ń bà á, bíi ti Bàbá."

Ó ti ń rẹ́rìn-ín kó tó mọ̀. Ó fa àga sún mọ́ ilẹ̀kùn ilé ìdáná, ó fi orí ti ògiri, ó ń gbọ́ ọ, ó sì ń gbàdúrà pé kí ọbẹ̀ náà má tètè jinná.