Ọ̀já tí Kò Tíì Parí

Omi wọ Kábà ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1956. Ó ṣàn wá láti orí òkè, ó bọ́ sínú odò kékeré ẹ̀yìnkùlé wa tí a kì í kà sí odò, ó sì gba inú ilé wa kọjá. Nígbà tí yóò fi fà, iyọ̀ tí Lájídé oníṣọ́ọ̀bù kó wá láti Lọ́kọ́ja ti yọ́ tán nínú àpò, ewúrẹ́ ń lá ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. A fi rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ẹ̀rín náà kò pẹ́. Ilé amọ̀ kì í sábà wó lójú omi. Ìgbà tí omi bá fà tán, tí oòrùn wá ń pa ògiri tó ti rọ̀ lẹ́sẹ̀, ìgbà náà ló ń wó.

Fàósátù ahunṣọ ni aládùúgbò wa. Obìnrin kúkúrú ni, ẹnu rẹ̀ mú bí abẹ, kò sì sí ẹni tí kò bú rí ládùúgbò, títí kan èmi náà. Yàrá tó ti ń hunṣọ ni omi bà jẹ́ jù. Ògiri ẹ̀yìn ti sán láti òkè dé ilẹ̀, ó ti tẹ̀ sínú, inú ògiri yẹn gan-an ni wọ́n sì ri orí òpó òfì rẹ̀ sí. Aṣọ ṣì wà lórí òfì náà, ọ̀já tó ń hun fún ọmọ tó wà nínú Àsíyátù ọmọ rẹ̀. Oyún méjì ti bọ́ lára Àsíyátù ṣáájú eléyìí.

Ní ìdílé Fàósátù, ìyá tó bí ọlọ́yún ló ń hun ọ̀já ọmọ, a kì í sì í fi ọ̀bẹ kàn án kó tó parí. Ẹni tó bá gé e láàbọ̀, oyún ló gé. Lèmọ́mù mọ́ṣáláṣí wa ti sọ ọ́ títí pé kò sí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ nínú ẹ̀sìn. Fàósátù á ní òótọ́ ni, á sì máa hunṣọ rẹ̀ lọ.

Ìbráhímù ọkọ Fàósátù ní kí a ti ògiri náà wó kó tó pa èèyàn, kí a lè po amọ̀ tuntun. Fàósátù ní ó ku díẹ̀ kí aṣọ parí. Ó wọlé, ó jókòó sídìí òfì. A dúró síta. Gbogbo ìgbà tó bá fi igi lu òwú, erùpẹ̀ á dà sílẹ̀ láti ojú ibi tó sán. Ìbráhímù bẹ̀ ẹ́, ó bínú, ó tún bẹ̀ ẹ́. Kò sí ẹni tó láyà láti wọ́ ọ jáde, nítorí ìjàkadì díẹ̀ ti tó láti wó ògiri náà.

Ẹnì kan ti ránṣẹ́ sí Àsíyátù nílé ọkọ. Ó dé, kò tilẹ̀ kí wa ní "Okun," bí a ṣe ń kíra nílẹ̀ wa. Ó gbé ikùn rẹ̀ wọlé, ó jókòó ti ìyá rẹ̀ lábẹ́ ògiri.

"Jáde," ni ìyá rẹ̀ wí.

"Iye," ni Àsíyátù pe ìyá rẹ̀, "ẹ gé e, ká jọ jáde. Bí ẹ bá fi í sílẹ̀ síbẹ̀, ẹ ó tún padà wọlé."

"Àsíyátù, ìwọ ni mò ń ṣe é fún."

"Mo mọ̀. Èmi náà rèé."

Erùpẹ̀ dà sórí gèlè Àsíyátù. Láti ẹnu ọ̀nà ni mo ti rí ojú Fàósátù, n kò sì rí irú ẹ̀rù bẹ́ẹ̀ lójú èèyàn rí. Ó mú ọ̀bẹ, ó pe Bísímílà, ó gé ọ̀já náà, àwọn méjèèjì sì jọ jáde.

Ògiri wó kí àkókò ìrun àílà ọ̀sán tó tó. Gbogbo àdúgbò ń kí Fàósátù kú ewu. Ikùn ọmọ rẹ̀ ló ń wò.

A bẹ̀rẹ̀ sí í po amọ̀. A mọ ìpele kan, a dúró kó gbẹ, a mọ òmíràn lé e. Ní gbogbo àkókò yẹn, Fàósátù kò bú ẹnì kankan, ìyẹn sì bà wá lẹ́rù ju ìkún omi lọ. Bí Àsíyátù bá wúkọ́, Fàósátù á fò dìde. Bó bá di ìbàdí mú, omi á bọ́ lójú ìyá rẹ̀. Kò jẹun dáadáa, kò sì fọwọ́ kan òwú mọ́.

Inú ọyẹ́ ni Àsíyátù bímọ, nínú yàrá tuntun náà. Ọmọ ké, àwọn obìnrin bú sáyọ̀. Fàósátù kò lè wọlé. Ó fara ti ògiri níta. Wọ́n wẹ ọmọ tán, ilé pa rọ́rọ́. Ó na ọrùn wọ ẹnu ọ̀nà.

"Kí ló dé tó dákẹ́?"

"Ó sùn ni," ni agbẹ̀bí dá a lóhùn. "Ara rẹ̀ le. Ẹ wá gbé e."

"Ẹ jí i," ni Fàósátù wí. "Ẹ jẹ́ kó tún ké."